Bọ́gà Alẹ́ Ìṣẹ́gun

Ìfẹ́ tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí, inú páànù ìdínran ló ti bẹ̀rẹ̀, inú páànù náà ló sì parí sí. Ẹni tó bá ń wá ìtàn tí wọ́n ti jó tí wọ́n ti yọ̀, kó yà sílé kejì. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ti fẹ́ràn ènìyàn rí, tó wá di ọjọ́ kan tí ọkàn ara rẹ̀ ò dá a lójú mọ́, kó fa àga wá, kó jókòó.

Hamdalah ọmọ Alhaji Ràímì ló ń ta búrẹ́dì níwájú ilé búrẹ́dì kan ní Ẹ̀gbẹ́dá. Búrẹ́dì gígùn ni gbogbo ayé ń rà lọ́wọ́ rẹ̀, èyí tí wọ́n fi ń jẹ ẹ̀wà. Ọkùnrin kan ṣoṣo ló máa ń wá ra kékeré roboto tí àwọn tó ń ṣe búrẹ́dì máa ń fi ìyẹ̀fun tó ṣẹ́kù ṣe. Ọmọ́níyì lorúkọ rẹ̀. Ó ń tún fíríìjì ṣe ní òdìkejì ọ̀nà, ó ga, kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, ìdọ̀tí iṣẹ́ kì í sì í kúrò léèékánná rẹ̀. Ìrọ̀lẹ́ Ìṣẹ́gun nìkan ló máa ń wá. Nígbà tó yá, Hamdalah ò lè pa á mọ́ra mọ́.

“Bọ̀dá onífíríìjì, ẹ̀yin nìkan lẹ máa ń ra roboto yìí. Kí lẹ ń fi ṣe gan-an?”

“Bọ́gà ni.”

“Bọ́gà! Èyí tí wọ́n ń tà nílé oúnjẹ àwọn olówó? Ẹ̀yin lẹ ń dá a ṣe?”

“Èmi ni. Ẹran lílọ̀, àlùbọ́sà, ata díẹ̀. Màámi ní oúnjẹ òyìnbó ò lè yó ọmọ ènìyàn, ṣùgbọ́n wọ́n ń jẹ ẹ́ ṣá.”

“Ṣíìsì ńkọ́? Mo rí i lórí fóònù, ó máa ń yọ́ lórí ẹran yẹn.”

Ọmọ́níyì họ orí. “Ṣíìsì yẹn ló ń dà mí láàmú. Tí mo bá rà á, kí n tó lò ó tán á ti bàjẹ́.”

“Ẹ̀yin tí ẹ ń tún fíríìjì gbogbo àdúgbò ṣe?”

“Fíríìjì tèmi ló bàjẹ́ jù.”

Hamdalah rẹ́rìn-ín títí tí oníbàárà kan fi bojú wẹ̀yìn. “Ẹ lo wàrà jàre.”

“Wàrà kì í yọ́.”

“Ẹ rún un mọ́ bọ́tà àti mílíìkì díẹ̀, ẹ tẹ́ ẹ lé ẹran lórí, kí ẹ wá fi ìdérí dé páànù. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni mí o. Ẹ fẹ́ kọ́ mi ní wàrà ni?”

Ìṣẹ́gun tó tẹ̀ lé e, Ọmọ́níyì gbé nǹkan gbígbóná kan tó dì sínú bébà wá bá a. Hamdalah gbà á, ṣùgbọ́n kò tíì gbé e sẹ́nu.

“Ẹ má bínú o. Ta ló pa ẹran yìí?”

“Alhaji ẹlẹ́ran tó wà ní Dópẹ̀mú. Mo mọ̀ pé ẹ máa bèèrè, ìdí tí mo fi lọ síbẹ̀ nìyẹn.”

Kí ènìyàn ti Ẹ̀gbẹ́dá lọ sí Dópẹ̀mú nítorí ẹran tí ẹlòmíràn máa jẹ! Hamdalah gé e jẹ. Wàrà náà ò yọ́ bíi ti orí fóònù, ṣùgbọ́n ó rọ̀, ó ti pọ́n díẹ̀ létí, omi ẹran sì ti wọ inú búrẹ́dì. Ó jẹ ẹ́ tán lórí ìdúró, àwọn tó fẹ́ ra búrẹ́dì ń pè é, kò dá wọn lóhùn. Láti ọjọ́ náà, bí Ìṣẹ́gun bá ku ọ̀la, oorun kì í kun ojú rẹ̀.

Ẹ lè bi mí pé kí ló dé tó jẹ́ Ìṣẹ́gun. Ìjọ Aládùúrà ni Ọmọ́níyì ń lọ, ìyẹn àwọn aláṣọ funfun, ìsìn ń bẹ fún un lọ́jọ́rú, lọ́jọ́ Ẹtì àti lọ́jọ́ Àìkú. Hamdalah ní tirẹ̀ máa ń bá bàbá rẹ̀ gba ààwẹ̀ lọ́jọ́ Ajé àti Ọjọ́bọ̀, bàbá kì í sì í fẹ́ dá ṣínu. Ẹ̀sìn méjèèjì ti pín ọ̀sẹ̀ láàrin ara wọn, iṣẹ́ gba Àbámẹ́ta, Ìṣẹ́gun nìkan ló ṣẹ́kù fún ìfẹ́.

Ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù Ọmọ́níyì ni wọ́n ti ń dáná lórí gáàsì kékeré. Ọmọ́níyì á po ẹran, á fi àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì tẹ̀ ẹ́ pẹlẹbẹ. Hamdalah á wá fi àtàǹpàkò tẹ àárín rẹ̀ kó jìn díẹ̀, nítorí ẹran tí wọn ò bá tẹ̀ láàrin máa ń wú nínú páànù, inú rẹ̀ kì í sì í jinná. “Àtàǹpàkò tìrẹ ló mọ ìwọ̀n,” ni Ọmọ́níyì máa ń sọ. Kò pẹ́ tí “ẹ” fi di “o”, tí “Bọ̀dá onífíríìjì” fi di “Níyì mi”. Inú Hamdalah ń dùn, ìdùnnú náà sì ń bà á lẹ́rù, torí ó mọ irú bàbá tó bí i.

Káfíńtà ni Alhaji Ràímì, Dópẹ̀mú ló ti ń ṣiṣẹ́. Ènìyàn jẹ́jẹ́ ni, oríkì Hamdalah, Àtọ́kẹ́, ló sì fi ń pè é. Láti ìgbà tí ìyá Hamdalah ti kú, kò fẹ́ ìyàwó mìíràn, kò sì fẹ́ràn oúnjẹ mọ́. Ó kàn ń jẹ ẹ́ kó lè gbé òòlù ni. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, Àǹtí Sìdíkátù, ló bá a tọ́ ọmọ. Àǹtí yìí náà ló kọ́kọ́ gbọ́ òórùn àlùbọ́sà lára aṣọ Hamdalah lálẹ́ Ìṣẹ́gun, ló fi ọgbọ́n wádìí, ló sì di alárinà láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni bẹ̀ ẹ́. Ó gba ìsọ̀ àbúrò rẹ̀ lọ lọ́sàn-án ọjọ́ kan.

“Àlàó, ọmọ náà ń ṣiṣẹ́. Kì í mutí. Kì í jẹ ẹlẹ́dẹ̀ pàápàá.”

“Ẹ̀gbọ́n mi, mo ti rí i. Mo rí i ní ibùdókọ̀ Pleasure lọ́jọ́ Àìkú, nínú aṣọ funfun tó balẹ̀, kò wọ bàtà. Ṣé ẹni tó ń fẹsẹ̀ lásán rìn lórí títì lẹ ní kí n fi Àtọ́kẹ́ fún?”

“Ìwọ náà kì í bọ́ bàtà kó o tó wọ mọ́ṣáláṣí ni?”

“Ẹnu ọ̀nà ni mo ti ń bọ́ ọ. N kì í bọ́ ọ láti ilé.”

Àǹtí Sìdíkátù rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n Alhaji ò bá a rẹ́rìn-ín. Ó gbọn eruku pákó kúrò lórí ẹsẹ̀ rẹ̀. “Ẹ gbọ́, tí mo bá kú, àwọn ọmọ tí Àtọ́kẹ́ bá bí fún un, èwo nínú wọn ló máa dúró síbi sàárè mi tí á ṣe àdúà? Ọ̀rọ̀ bàtà kọ́ ló ń dùn mí.”

“Nínú agbo ilé wa ní Ògbómọ̀ṣọ́, onígbàgbọ́ ò sí níbẹ̀ ni? Ṣé wọn kì í dúró síbi sàárè?”

Alhaji fa pákó mìíràn sọ́dọ̀.

“Ohun kan ṣoṣo ni mo máa tọrọ,” ni Àǹtí wí. “Jẹ́ kó wá dáná alẹ́ fún ọ. Nílé ara rẹ, nínú páànù ara rẹ, ẹran tí ìwọ fúnra rẹ rà. Tó o bá jẹun tán tí ọkàn rẹ ò gbà á, n ò ní dárúkọ rẹ̀ mọ́ láé.”

Alhaji ronú lọ títí. “Oúnjẹ kì í parọ́ fún mi,” ló sọ níkẹyìn. “Oúnjẹ ọwọ́ ìyá Àtọ́kẹ́ ni mo jẹ kí n tó mọ̀ pé òun ni aya mi. Ẹ ní kó wá. Ohun tí ọkàn mi bá sọ lọ́jọ́ náà, abẹ gé e.”

Ibi tí wọ́n fi ọ̀rọ̀ ìgbéyàwó náà sí nìyẹn: kí Alhaji jẹun lẹ́ẹ̀kan, kó sì gbọ́ ohun tí ọkàn rẹ̀ sọ. Àǹtí sáré ránṣẹ́ sí Ọmọ́níyì. Ó ní Alhaji ló máa ra ẹran, Hamdalah ló máa mú búrẹ́dì àti wàrà wá, ṣùgbọ́n kí òun náà mú nǹkan ìdáná kan dání ṣá, nítorí ọkọ ìyàwó kì í lọ kí bàbá ìyàwó lọ́wọ́ òfo.

Ọmọ́níyì sọ fún ìyá rẹ̀. Mary ni wọ́n ń pe obìnrin náà, opó ni, ó ti pẹ́ nínú ìjọ. Ó ra òróró ẹ̀pà tó dára, ó gbé e lọ sílé ìsìn, ọjọ́ mẹ́ta ló wà lórí pẹpẹ. Nígbà tó ń gbé e fún ọmọ rẹ̀, ojú rẹ̀ ń dán.

“Sáàmù ìrẹ́pọ̀ ni wòlíì kà sí i, kí ilé méjèèjì lè di ọ̀kan.”

“Ẹ ṣé, Màámi,” ni Ọmọ́níyì wí, ó sì ti ìgò náà bọnú àpò.

Mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ pé kò sí ẹ̀tàn nínú rẹ̀. Nínú ilé tí wọ́n ti tọ́ Ọmọ́níyì, òróró, iyọ̀, omi ìwẹ̀, kò sí èyí tí wọn kì í gbàdúrà sí. Ó ronú kan ẹran, ó ronú kan ẹni tó pa á. Ọ̀rọ̀ òróró ò wá sí i lọ́kàn rárá, gẹ́gẹ́ bí kì í ti í wá sí ẹlòmíràn lọ́kàn láti bèèrè bóyá wọ́n fọ àwo kí wọ́n tó bu oúnjẹ sí i.

Alẹ́ Ìṣẹ́gun náà pé. Alhaji ti kí ìrun Mọ̀ngàríbà, ó jókòó sórí àga tó fọwọ́ ara rẹ̀ kàn, ó dijú mọ́rí. Ṣùgbọ́n nígbà tí òórùn àlùbọ́sà jáde, ó dìde, ó wá dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná. Hamdalah ń tẹ àárín ẹran. 

“Kí lẹ ń tẹ̀ ẹ́ fún?”

“Tí a ò bá tẹ̀ ẹ́, Bàbá, ó máa wú,” ni Ọmọ́níyì dáhùn. “Ẹ̀yìn rẹ̀ á jóná, inú rẹ̀ á wà ní tútù.”

“Hùn-ún. Pákó tútù náà bẹ́ẹ̀ ni. Ẹni tí kò bá mọ ibi tó máa wú sí, kò lè fi kan ilẹ̀kùn.” Ó dúró díẹ̀ sí i. “O ò sáré iná.”

“Rárá o, Bàbá. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú ni.”

“Kì í bàjẹ́,” ni Alhaji parí rẹ̀, ó sì padà lọ jókòó. Àǹtí Sìdíkátù wo Hamdalah, ó fi ọwọ́ bo ẹnu kí ẹ̀rín má baà jáde.

Wọ́n gbé oúnjẹ kalẹ̀. Alhaji ṣe Bísímílááhì, ó fi ọwọ́ méjèèjì mú bọ́gà, ó gé e. Ó jẹ ẹ́ díẹ̀, ó dúró, ó wo ohun tó wà lọ́wọ́ rẹ̀.

“Wàrà rèé!”

“Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá.”

“Wàrà nínú oúnjẹ òyìnbó!” Ó bú sẹ́rìn-ín. Ó pẹ́ tí Hamdalah ti gbọ́ ẹ̀rín yẹn kẹ́yìn, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má mọ̀ ọ́n mọ́. Wàrà mọ́ ọn nírùngbọ̀n, kò nù ún. Ó jẹ èkíní tán, ó na ọwọ́ sí èkejì. Ó ń bi Ọmọ́níyì léèrè nípa bàbá rẹ̀ tó ti kú, nípa iṣẹ́, nípa bí afẹ́fẹ́ ṣe ń tutù nínú fíríìjì, ó sì ń mi orí bí ẹni tí wọ́n ń ka ìwé ayọ̀ fún. Lábẹ́ tábìlì, Àǹtí Sìdíkátù tẹ Hamdalah lẹ́sẹ̀. Hamdalah ń wo bàbá rẹ̀, ó ń wo ọkùnrin tó fẹ́ràn, ó ń sọ nínú ara rẹ̀ pé Ọlọ́run, jẹ́ kó dúró síbí, má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ mọ́.

Alhaji ló sọ̀rọ̀. “Òróró yín yìí dára o. Èyí tí mò ń rà níhìn-ín máa ń ta mí lọ́fun. Níbo lo ti rà á?”

Nígbàkigbà tí mo bá dé ibí yìí nínú ìtàn náà, ó máa ń ṣe mí bíi kí n sáré wọlé lọ di ọmọ náà lẹ́nu.

“Màámi ló fún mi, Bàbá,” ni Ọmọ́níyì wí tayọ̀tayọ̀. “Ọjọ́ mẹ́ta ló fi wà lórí pẹpẹ. Wọ́n ní n ò lè mú òróró lásán wá sílé yín.”

Bí ẹni ń sọ pé ìyá òun kí yín ló ṣe sọ ọ́.  Alhaji ò jẹ ohun tó wà lẹ́nu rẹ̀ mọ́. Ó tu ú sí àtẹ́lẹwọ́ ní pẹ̀lẹ́, ó gbé e sétí àwo.

“Kí ni wọ́n kà sí i?”

“Sáàmù ni, Bàbá. Sáàmù ìrẹ́pọ̀. Kí ilé méjèèjì lè…” Ojú Hamdalah ló rí tí ohùn rẹ̀ fi wálẹ̀. “Kí ilé méjèèjì lè di ọ̀kan.”

Alhaji dìde, ó jáde lọ fi omi fọ ẹnu. Wọ́n ń gbọ́ ìró omi náà nínú ọgbà. Nígbà tó wọlé, kò jókòó.

“Ọmọ mi, n ò bínú sí ọ. Jẹ́ kí n sọ òótọ́ fún ọ. Láti ìgbà tí ìyá ọmọ yìí ti kú, n ò jẹun kí inú mi dùn báyìí rí. Mo jókòó síbí, mò ń wò ọ́, mò ń sọ lọ́kàn mi pé ọmọ yìí mà dára o. Mo ti fẹ́ sọ fún ẹ̀gbọ́n mi pé kí wọ́n ní kí àwọn ènìyàn rẹ wá. Ní báyìí, báwo ni n ó ṣe mọ̀ bóyá èmi ni mo rò ó, tàbí òróró ló bá mi rò ó?”

“Bàbá, àdúrà lásán ni.”

“Àdúrà kì í ṣe lásán. Tó bá jẹ́ pé lásán ni, ìyá rẹ ò ní gbé e débẹ̀.”

 Alhaji fúnra rẹ̀ ló dé ìgò náà, tó gbé e lé Ọmọ́níyì lọ́wọ́. “Bá mi kí ìyá rẹ. Ohun tó mọ̀ pé ó dára ló ṣe.”

Hamdalah sáré tẹ̀ lé e dé ẹnu géètì. “Kí ló dé tó o fi sọ?”

“Wọ́n bi mí ni. Ṣé kí n parọ́ fún bàbá rẹ?”

“O ò bá ti ní ọjà lo ti rà á!”

“Kò wá sí mi lọ́kàn pé ohun tó burú ni,” ni Ọmọ́níyì wí. Ó di ìgò náà mú mọ́ àyà, ó sì dà bí ẹni tí wọ́n lé kúrò nílé ẹ̀kọ́.

Àǹtí Sìdíkátù ò fi ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀. Ó gba Ẹ̀gbẹ́dá lọ bá Mary, ó ní, “Ìyá Ọmọ́níyì, ẹ ò bá jẹ́ kó ra òróró lọ́nà.”

Mary wò ó. Ó ti sunkún tẹ́lẹ̀. “Èmi tí mo ń gbàdúrà sí omi ìwẹ̀ ọmọ yìí láti ọjọ́ tí mo bí i, ọjọ́ tó ń lọ wá ìyàwó ni kí n wá fọwọ́ lẹ́rán? Ìyá wo ló ń ṣe bẹ́ẹ̀?”

Ọ̀rọ̀ Mary yé Àǹtí Sìdíkátù, ọ̀rọ̀ àbúrò rẹ̀ náà yé e. Ìyẹn ló mú un sunkún nínú kẹ̀kẹ́ Márúwá títí ó fi délé. Nígbà tó bá Alhaji sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i, Alhaji ní, “Ẹ ti ṣèlérí fún mi.”  Alárinà tó bá ti bá ọ̀rọ̀ dé ibi ìlérí ara rẹ̀, ó ti dópin ọ̀nà.

Síbẹ̀, ọ̀rọ̀ náà ì bá ṣì ní àtúnṣe. Mo ti rí bàbá tó yí ọkàn padà lẹ́yìn ọdún púpọ̀. Hamdalah gan-an ló ba èyí tó kù jẹ́, n ò sì lè dá a lẹ́bi púpọ̀. Ó ti ń rò ó lórí ibùsùn. Tó bá jẹ́ pé bọ́gà ẹyọ kan àtààbọ̀ ló mú bàbá òun rẹ́rìn-ín, òun ńkọ́, tí òun ti ń jẹ ẹ́ ní gbogbo Ìṣẹ́gun láti èṣí? Òun tí òun kì í rí oorun sùn? Ó lé èrò náà lọ, èrò náà padà wá. Ó tún lé e. Ní Ìṣẹ́gun kan tí wọ́n wà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù, tí ẹran wà lórí iná, ó là á.

“Níyì, òróró wo lo fi dín ẹran tó o kọ́kọ́ gbé wá fún mi?”

Ọmọ́níyì ò yíjú. “Ìgbà wo?”

“Ìgbà àkọ́kọ́.”

“Òróró ilé wa ni. Gbogbo òróró ilé wa ni wọ́n ń gbàdúrà sí, o mọ̀.”

“Ìyẹn ni pé ó wà nínú rẹ̀.”

Ó yíjú báyìí. “Hamdalah, ṣé ohun tó ò ń bi mí ni pé, ṣé mo fi nǹkan mú ẹ ni?”

“N ò sọ bẹ́ẹ̀.”

“Ohun tó o sọ nìyẹn.”

“Mo kàn fẹ́ mọ̀ bóyá èmi ni. Bóyá èmi gan-an ni mo fẹ́ràn ẹ.”

“Ta ló máa wá sọ fún ẹ, tí ìwọ gan-an ò bá mọ̀?” Ó pa gáàsì. Ẹran náà ò tíì jinná, ẹ̀jẹ̀ ṣì wà lára rẹ̀. “Bàbá rẹ lé mi jáde, mo fara mọ́ ọn, torí wọn ò mọ̀ mí. Ìwọ mọ̀ mí. Máa lọ sílé. Tó o bá ti mọ̀, kó o wá sọ fún mi.”

Ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Hamdalah lọ sílé, ó sì ń dúró kí òun mọ̀. Ó ń wo inú ara rẹ̀ bí ẹni ń wo kànga jíjìn, ó ń ní bóyá lọ́la, bóyá lọ́tùnla. Nígbà tó máa fi pinnu pé òun á kàn lọ bẹ̀ ẹ́ pé òun ò tíì mọ̀, ṣùgbọ́n kó má lọ, ẹlòmíràn ló bá nínú ṣọ́ọ̀bù náà, tó ń ta ìdérí fóònù. Ẹni náà ní onífíríìjì ti kó lọ sí Ìbàdàn. Hamdalah dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó padà sídìí búrẹ́dì, ó sì tà á títí ilẹ̀ fi ṣú.

Raheem wá lẹ́yìn ìyẹn. Ará Ògbómọ̀ṣọ́ ni, iṣẹ́ táìlì ló ń ṣe, ó níwà, kì í pariwo mọ́ni. Alhaji ò fi ipá mú ọmọ rẹ̀, kò tiẹ̀ sọ pé bẹ́ẹ̀ ni, kò sọ pé bẹ́ẹ̀ kọ́. Ó ti rẹ Hamdalah láti máa bi ara rẹ̀ ní ìbéèrè kan náà. Ohun tó ní sí Raheem kò pọ̀, ṣùgbọ́n ó dá a lójú. Wọ́n so yìgì, ó sì bá ọkọ rẹ̀ lọ sí Ìgàndó.

Ọdún yí po. Hamdalah ò fọwọ́ kan ẹran lílọ̀. Ó di ìrọ̀lẹ́ Ìṣẹ́gun kan, Alhaji wá kí wọn, ó ń fi ọ̀pá rìn báyìí nítorí orúnkún. Kò pẹ́ tí Raheem náà fi wọlé láti ibi iṣẹ́, ó gbé ọ̀rá kan dání, inú rẹ̀ dùn bíi ti ọmọdé.

“Mo gba Ẹ̀gbẹ́dá kọjá, mo rí búrẹ́dì roboto yìí. Ó wù mí. Ẹran wà níbí, wàrà tí Bàbá mú wá náà wà. Kí lo lè fi ṣe fún wa?”

Hamdalah wo búrẹ́dì náà, ó gbà á. Ó ní kò sí òróró nílé, ó jáde lọ sí ìsọ̀ Ìyá Ṣeun lẹ́nu ọ̀nà àdúgbò, ó ra èyí tó ṣì wà ní dídì, ó sì fọwọ́ ara rẹ̀ já ìdérí rẹ̀. Ó lọ ẹran, ó pò ó, ó tẹ̀ ẹ́ pẹlẹbẹ. Nígbà tó fi àtàǹpàkò kan àárín èkíní, ohun gbogbo padà dé: ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù, gáàsì kékeré, ohùn tó ń sọ pé àtàǹpàkò tìrẹ ló mọ ìwọ̀n. Ó dùn ún dé eegun. Kò tíì jẹ nǹkan kan, òróró ò tíì kan páànù, bẹ́ẹ̀ ló sì ṣe fẹ́ràn Ọmọ́níyì tó. Ó wá mọ̀. Láti ìbẹ̀rẹ̀, òun gan-an ló fẹ́ràn rẹ̀. Ó dúró ti iná, ó ń fi apá ìbòrí nu ojú, kí wọ́n lè rò pé àlùbọ́sà ni.

Raheem jẹ tirẹ̀ kíákíá, ó yìn ín, ó sì sáré lọ kí ìrun Ìṣáì. Alhaji nìkan ló kù nídìí tábìlì, torí orúnkún rẹ̀, ilé ló ti ń kírun báyìí. Ó gé bọ́gà lẹ́ẹ̀kan. Ó dúró.

“Àtọ́kẹ́. Òróró wo lèyí?”

“Ti ìsọ̀ Ìyá Ṣeun ni, Bàbá. Èmi ni mo já a.”

“Ẹnì kankan ò ka nǹkan sí i?”

“Kò sẹ́nì kankan.”

Alhaji rọra ń jẹ ẹ́. Ó jẹ ẹ́ títí ó fi kan èérún búrẹ́dì ìsàlẹ̀ àwo. 

“Bó ṣe dùn lọ́jọ́ yẹn náà ló ṣe dùn.”

“Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá.”

“Mo sì ń rántí ọmọ náà. Ohun tí ọkàn mi sọ nípa rẹ̀ lọ́jọ́ yẹn, òun náà ló ń sọ báyìí.” Ó gbójú sókè wo ọmọ rẹ̀, ojú rẹ̀ ti pọ́n. “Àtọ́kẹ́, kì í ṣe òróró.”

“Mo mọ̀, Bàbá.”

“Ìgbà wo lo mọ̀?”

“Lónìí.”

 Alhaji na ọwọ́ sórí tábìlì, Hamdalah dì í mú, wọ́n jókòó bẹ́ẹ̀, bàbá àti ọmọ, àwọn méjèèjì tó gbọ́ ohùn ọkàn ara wọn tí wọ́n sì pè é lópurọ́. Ó wá gbọ́ sálámà ọkọ rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Ó yọ ọwọ́ rẹ̀.

Raheem wọlé, ó rí ẹyọ kan tó kù nínú àwo, ó mú un, ó jókòó tì wọ́n. “Èyí mà dára o. Àṣé o mọ irú nǹkan báyìí ṣe, o wá fi pamọ́ fún mi! Bàbá, ṣé ẹ gbádùn ẹ̀?”

“Mo gbádùn rẹ̀,” ni Alhaji wí.

“Ó yá, kó di ti gbogbo Ìṣẹ́gun. Èmi á máa ra búrẹ́dì ẹ̀ bọ̀ láti Ẹ̀gbẹ́dá. Ṣé o gbọ́, ìyàwó mi? Gbogbo Ìṣẹ́gun.”

Alhaji wolẹ̀. Hamdalah ní ó dáa. Ó kó àwọn àwo lọ sí ilé ìdáná, ó bu omi sí páànù, ó sì ń fọ̀ ọ́. Páànù náà mọ́, kò dáwọ́ dúró.